Dulcie Averill àti Àsíá Orí Òkè

Ní ọjọ́ tí Dulcie Averill ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ọlọ́pàá ní kí ó yà sí ọ̀tún, ó sì yà sí òsì. Sájẹ́ǹtì náà ti wá ra ápù lọ́wọ́ bàbá Dulcie ni, ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀, kí ọmọ náà kúkú ṣe ìdánwò rẹ̀ láti ẹnu géètì wọn. Ọ̀tún ni ọ̀nà tó lọ sí ìlú, kò sì jìnnà rárá. Òsì ni ọ̀nà tó gun òkè, tó pọ́n ọn dé orí, tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì, tó sì tún padà já sí ìlú kan náà lẹ́yìn bíi máìlì mẹ́rin.

"Ọ̀tún ni mo wí," ni sájẹ́ǹtì sọ.

"Mo gbọ́ yín, sà."

"Kí ló wá dé tí a fi ń gun òkè?"

"Ibi tí eré ìje ọkọ̀ ń gbà lọ nìyí, sà. A kì í yà sí ọ̀tún nílé wa."

"Ta ni kì í yà?"

"Gbogbo wa. Bàbá mi kì í gbà."

Wọ́n yí òkè náà po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sájẹ́ǹtì sì di ilẹ̀kùn mú títí wọ́n fi padà dé ẹnu géètì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ fún bàbá Dulcie pé, "Clem, ọmọ rẹ mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀." Kò fún un ní ìwé àṣẹ náà. Àwọn kan ní Bathurst, ìlú wọn, máa ń sọ pé Dulcie kọ lu ògiri lọ́jọ́ náà. Kò kọ lu nǹkan kan. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àfi ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ẹni tó bá mọ Clem Averill kò ní bá ọmọ rẹ̀ wí. Clem wà lára àwọn tó fi díígà àti ṣọ́bìrì la ọ̀nà náà nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ New South Wales, tí ọkùnrin tó ní agbára ń jókòó sílé bí aláìsàn. Àwọn aláṣẹ ìlú sọ fún ìjọba pé ọ̀nà ìgbafẹ́ ni àwọn fẹ́ là, kí àwọn àlejò lè máa wakọ̀ gòkè lọ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kò gbà á gbọ́ fún ọjọ́ kan. Clem a máa béèrè pé, "Ta ló ń la ọ̀nà ìgbafẹ́ tí orí rẹ̀ ń pàdé ìrù rẹ̀?" Wọn kò tíì parí rẹ̀ dáadáa tí àwọn alùpùpù fi dé láti sáré ìje, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì tẹ̀ lé wọn.

Òkè náà sì ti ní orúkọ kí ọ̀dà tó kan ara rẹ̀. Wahluu ni àwọn Wiradjuri tó ni ilẹ̀ ń pè é. Àwọn awakọ̀ wá sọ àwọn igun rẹ̀ lórúkọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í sọ ìtàn orúkọ wọ̀nyẹn bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe pé ó rí bí ìgbọ̀nwọ́ ni. Alùpùpù kan ló ṣubú níbẹ̀ tí ọ̀nà bó ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó gùn ún. Ti Igun Ọ̀run Àpáàdì, kùkùté igi kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá forí sọ ọ́ ti rí ibi tó ń lọ.

Inú òbìrí ọ̀nà yìí ni oko ápù àti ṣẹ́rì Clem wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Dulcie. Láàrin ọdún, ọ̀nà lásán ni. Ènìyàn á gbà á lọ ra búrẹ́dì, ìyá arúgbó á máa wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa fọn fèrè fún un. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹwàá bá ti dé, wọn a tì í fún eré ìje, ẹni tó bá sì wà nínú òbìrí náà lówùúrọ̀, inú rẹ̀ ni yóò wà di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ilé tó bá gbàgbé mílíìkì, tíì dúdú ni yóò mu.

Clem ní ọ̀nà tí òun bá wọn gbẹ́ ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn, òun kò sì ní gba ẹ̀yìn wọ ilé ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń lọ ra iyọ̀ ní ìlú, òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ gùn.

Láti kékeré ni Dulcie ti ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà bàbá rẹ̀ wo àwọn alásìíá, àwọn tó ń fi àsíá kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ eré. Ti àwọn awakọ̀ kò jọ ọ́ lójú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọkọ̀ á máa bọ̀ bí ìjì, ariwo rẹ̀ á ti gba gbogbo orí òkè kan, ọkùnrin kan á na aṣọ péńpé síta, ọkọ̀ náà á sì gbọ́. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Roley Petch, olórí àwọn alásìíá, tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ ní ìlú, ó ní òun fẹ́ ṣe alásìíá.

"Àwọn obìnrin wà ní àgọ́ tíì," ni Petch wí.

Dulcie lọ sí àgọ́ tíì. Ó po tíì lọ́dún náà, ó tún pò ó lọ́dún kejì àti ìkẹta, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ Petch ní gbogbo ìgbà tó bá gbé kọ́ọ̀pù fún un.

Petch tọ́ tíì náà wò, ó fajúro. "Dulcie, bó bá jẹ́ bí o ṣe ń po tíì lo máa ṣe máa ju àsíá, gbogbo wa la máa kú."

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ gbé mi kúrò nídìí ẹ̀, sà."

Lọ́dún kẹrin, ẹni tó máa ń bá alásìíá kan, Perc Maddigan, dúró lókè pátápátá ṣubú lórí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti dàbí ẹni pé ó parí sínú òfurufú ni, tó sì wá ṣàdédé já wálẹ̀. Kò sí ibòji, eṣinṣin pọ̀, ẹ̀fúùfù tútù a sì máa fẹ́ lójú oòrùn. Petch kò rí ẹlòmíràn.

"Ọjọ́ kan péré," ló wí. "Alásìíá kì í pàtẹ́wọ́, kì í hó, kì í juwọ́, kì í fún èrò lésì. Alásìíá ò lẹ́ni. Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ lẹ́ẹ̀kan, tàbí o pè mí lórí ohun tí kò sí, àgọ́ tíì ni títí ayé."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé Lindsay ń wakọ̀ lọ́dún yìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ilé kan náà là ń gbé."

Lindsay ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ṣe ọkọ̀ kékeré kan nínú àká tí wọ́n ń kó ápù sí, wọ́n fẹ́ fi í jáde ní ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sínú òbìrí náà tó ti gba ipò kìíní rí, ní ẹgbẹ́ èyíkéyìí. Inú gbogbo ilé dùn débi pé Ivy, ìyá wọn, kò sùn dáadáa. Ó ní òùngbẹ yóò gbẹ ọmọ òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, Perc Maddigan fi ibi tí nǹkan wà hàn án: àsíá pupa rúsúrúsú fún ewu, aláwọ̀ búlúù fún ẹni tó bá yẹ kó yà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tó ní ìlà pupa fún ọ́ìlì lójú ọ̀nà, àti tẹlifóònù tó lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn alákòóso nísàlẹ̀. Perc ti dàgbà, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, míìtì-páì, ìpápánu ẹlẹ́ran, ni kì í sì í gbàgbé.

Lẹ́yìn wáyà, àwọn èrò ti kún. Àwọn onífọ́ọ̀dù, tó fẹ́ràn ọkọ̀ Fọ́ọ̀dù, pàgọ́ sí apá kan, àwọn oní-Holden, ọkọ̀ tó ń bá a díje, sí apá kejì, koríko tín-ín-rín ló wà láàrin wọn, kò sì sí ẹni tó ń gbàgbé apá tòun, àní bó ti wù kó mu tó. Níwájú wọn gbogbo ni Snow Gaffney jókòó sí, awakùsà láti Lithgow, ọkùnrin gàgàrà tó ń yan sọ́séèjì láti àárọ̀.

"Dulcie, apá ibo lo wà?" ni Snow bi í.

Dulcie kò wẹ̀yìn.

"Ó ti yadi. Ẹ̀yin èèyàn, tíì ara ẹ̀ ti dí i létí," ni Snow ké.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Lindsay yọ lókè, tó sì já wálẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, gbogbo èrò hó yèè, nítorí ọmọ òkè kò ní apá, ti gbogbo wọn ni. Dulcie ti etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ.

"Juwọ́ sí i díẹ̀ kẹ̀," ni Snow wí. "Ìyá kan náà ló bí yín."

"Má dá a lóhùn," ni Perc sọ jẹ́jẹ́.

"Mi ò dá a lóhùn, sà."

"Bí o ṣe ń wo ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni kó o máa wò ó."

Ní ọ̀sán, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Lindsay Averill ló wà níwájú ní ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Ìgbà tí ariwo yẹn ń lọ lọ́wọ́ ni Perc yíjú padà láti tú ìwé kúrò lára páì rẹ̀. Lindsay yọ lókè, ó já wálẹ̀, ó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, Dulcie rí i lójú ọ̀dà: ìlà kan, ó dúdú, ó tutù, ó ń kán tò tò tò láti abẹ́ ọkọ̀ náà títí dé igun.

Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Ọkọ̀ ni èrò ń wò, kì í ṣe ilẹ̀. Bó bá dákẹ́, Lindsay lè gba ipò kìíní. Bó bá sọ̀rọ̀, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, àgọ́ tíì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ́ìlì, ẹni tó bá tún já wálẹ̀ kò ní rí ohun tí táyà rẹ̀ yóò dì mú, ògiri ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn ògiri, òfìfo.

Ó ti na àsíá onílà pupa síta kó tó mọ̀ pé òun ti nà án.

"Kí ni?" ni Perc béèrè, páì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nǹkan ń kán lójú ọ̀nà, sà. Ó dúdú."

"Láti ara ta ni?"

"Lindsay."

Perc wò ó. Ó wo ilẹ̀, ó rí ìlà náà fúnra rẹ̀, ó gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo rí i," ló wí. "Ìwọ ni kó o pè."

Dulcie gbé tẹlifóònù. Ó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ibi tí ó ti rí i, ó sọ pé ohun dúdú ló ń kán lára rẹ̀. Kò fi kún un. Gbogbo ọkọ̀ tó ń já wálẹ̀ rí àsíá, wọ́n dẹ ẹsẹ̀, títí kan àwọn ńlá tó wà níwájú pátápátá, àwọn èrò apá méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nísàlẹ̀, wọ́n fi àsíá dúdú tó ní àmì róbótó aláwọ̀ ọsàn han Lindsay, èyí tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ rẹ ní àbùkù, yà bọ́ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ó yà bọ́.

Ó pẹ́ kí tẹlifóònù tó dún. Alákòóso ló wà níbẹ̀.

"Ta ló pè wá lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dùn."

"Kí ló dùn, sà?"

"Ohun tó ń kán. Mẹkáníìkì tọ́ ọ wò. Fláàsì kan ló fọ́ lẹ́yìn àga, gbogbo ẹ̀ ló dà gba ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ní omi ṣẹ́rì ni, wọ́n sì fi ṣúgà sí i dáadáa."

Dulcie gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ó mọ omi ṣẹ́rì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló já èso rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sè é, tó sì fi okùn àpò ápù so fláàsì náà mọ́ ẹ̀yìn àga ọmọ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lindsay ti padà sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn méjì ti kọjá rẹ̀.

Ọkùnrin ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò pa á mọ́. Kó tó di pé ó parí ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo orí òkè.

"Dulcie, jọ̀wọ́ wá tọ́ bíà mi wò," ni Snow wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ni."

"Òjò ṣú," ni ẹlòmíràn ké láti apá kejì. "Ẹ pe Dulcie kó wá sọ bóyá ọbẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin ẹ rọra. Ó lè ní kí wọ́n ti òkè yìí pa nítorí jáàmù."

Títí eré fi parí ni wọ́n fi ń bá a bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan Perc rí i pé omi ń bọ́ lójú Dulcie, ó fa páì rẹ̀ yá, ó na ìlàjì sí i. Ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. Lindsay ṣe ipò kẹta.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, Petch wakọ̀ gòkè. Àwọn èrò sún mọ́ wáyà kí wọ́n lè gbọ́.

"Àwọn tó wà níwájú ń bínú," ló wí. "Wọ́n ní wọ́n dẹ ẹsẹ̀ nítorí ohun mímu. Wọ́n ti bú mi láti ìsàlẹ̀ dókè."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò tíì bi ọ́ léèrè. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ̀ kan náà, ohun dúdú kan náà, kí lo máa ṣe?"

Dulcie ronú, nítorí ó fẹ́ àyè yẹn ju ohunkóhun lọ, ó sì mọ ìdáhùn tó máa dùn mọ́ Petch nínú. "Màá pè, sà."

"Bí wọ́n bá tún fi ẹ́ ṣe ẹlẹ́yà ńkọ́?"

"Màá jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán, lẹ́yìn ìyẹn màá tún máa wo ọ̀nà."

Snow Gaffney dìde lẹ́yìn wáyà, fọ́ọ̀kì sọ́séèjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Petch, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó lè pe ẹ̀gbọ́n ara ẹ̀ wọlé nítorí omi ṣẹ́rì, kí ni yóò torí ẹ̀ ṣojúsàájú fún àwọn onífọ́ọ̀dù?"

"Àbí fún àwọn oní-Holden," ni ọkùnrin kan dá a lóhùn láti apá kejì. "Mo fara mọ́ ọn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí apá méjèèjì yóò fẹnu kò lórí ohun kan. Petch wò wọ́n, ó wo ibi náà, eṣinṣin bà sí i létí. "Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ibí yìí náà," ló wí. "Wá gba kọ́kọ́rọ́ àpótí àsíá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Àwọn kan ń sọ lónìí pé Petch bẹ̀ ẹ́. Petch kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó rẹ̀ lè jẹ́rìí sí i.

Nílé, nídìí oúnjẹ alẹ́, Lindsay kò wo ojú rẹ̀.

"Màmá," ló wí, "ta ló ní kí ẹ so fláàsì mọ́ mi lẹ́yìn?"

"Òùngbẹ ò gbẹ ẹ́?"

"Ó gbẹ mí."

"Ṣé o rí i."

Clem rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jáde síta. Lindsay kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ iyọ̀, á ní kí bàbá wọn bá òun gbà á. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ṣẹ́rì fi pọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a, òun ló wà lókè àkàbà, kò sì sí ẹlòmíràn nísàlẹ̀ igi àfi Dulcie.

"Di àkàbà mú," ló wí.

"Mo ti dì í mú."

"Bí mo bá sì ń làágùn, má pe ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Dulcie fẹ́ Neville Stroud, tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Neville wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó gba orí òkè wọlé láti ìlú, èyí tí í ṣe ẹ̀yìn ọ̀nà, Clem sì ní kó padà lọ, kó yí òkè po, kó wá gba iwájú wọlé bí ọmọlúàbí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, Maree.

Ẹni tó mú àsíá lókè ni Dulcie jẹ́ títí ewú fi bo orí rẹ̀. Ó pè nígbà tí ọ́ìlì dà lóòótọ́, ó pè nígbà tí ògiri yẹ̀, ó pè nígbà tí kangarúù kan jókòó sí àárín ọ̀nà tó sì kọ̀ láti dìde. Nígbà tí ìjọba fi òté lé iye bíà tí ènìyàn lè gbé gòkè, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú láti ri tiwọn mọ́lẹ̀. Láti ibi tó ń dúró sí nígbà tó bá lọ kun àpótí àsíá, ó ń rí gbogbo ihò wọn. Ọkùnrin kan tó ti gbàgbé ibi tó gbẹ́ tirẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, Dulcie kò sọ fún un, kò sì sọ fún ọlọ́pàá. Kò lẹ́ni.

Ní oṣù kẹwàá kan, wọ́n ń dán ọkọ̀ wò lọ́jọ́ Fráídè, ó rí ọkọ̀ méjì tó já wálẹ̀ pọ̀ níbi tí alásìíá kejì tó bá a dúró ti ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun rí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kan tún di méjì. Ó gbé tẹlifóònù, ó sọ fún àwọn alákòóso pé alásìíá tó wà lókè kò ríran dáadáa mọ́, kí wọ́n fi ẹlòmíràn ránṣẹ́.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni wọ́n bi í.

"Òun náà ni," ni Dulcie wí.

Wọ́n fi ẹlòmíràn ránṣẹ́. Wọ́n fún un ní oúnjẹ ìdágbére ní gbọ̀ngán ìlú, Lindsay sì dìde sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù.

Neville ti kú. Wọ́n ti ta oko ṣẹ́rì náà. Ibi tí a mọ̀ pé Dulcie wà kẹ́yìn ni ilé Maree ọmọ rẹ̀, ní Kelso, ní òdìkejì odò tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú.